Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Owó Táṣẹ́rẹ́ Wọ Rélùwéè Káàkiri Yúróòpù

Inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ pé ọmọ wa kan tó ń kàwé ní Leeds, tàbí nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ti tu owó díẹ̀ jọ, tó sì fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì wọ rélùwéè láti Paris dé Róòmù, kó lọ wo àwòrán, kó lọ wo ìlú. Ohun tó dára ni. Àwọn ìlú yẹn ò jìnnà síra wọn, àárín ìgboro ni rélùwéè ń já èrò sí, àwọn iṣẹ́ ọnà tí a ti ń rí nínú ìwé láti kékeré sì wà níbẹ̀ tí èèyàn lè dúró síwájú wọn, kó wò wọ́n tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń fayọ̀ lọ tó ń fìbànújẹ́ bọ̀. Kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tán wọn lówó. Owó ìtanràn ni, owó ìjókòó tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn ni, òru ọjọ́ kan ní hòtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò múra sílẹ̀ fún ni, mùsíọ̀mù tó tilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí wọ́n débẹ̀ ni. Gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ló ní òfin tó so mọ́ ọn, ẹni tí kò bá sì ka òfin náà ni yóò san ìyókù owó rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó fi káàdì yín sanwó.

Ẹ jẹ́ ká ti orí físà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń dunni jù. Ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe físà Yúróòpù. Bó ti wù kí ẹ ti pẹ́ tó ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, ẹ ní láti gba físà Schengen, tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ti mú bodè kúrò láàárín ara wọn jọ ń lò, kí ẹ tó lè wọ Eurostar, rélùwéè tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Paris. Ní ibùdó St Pancras, kí ẹ tó fojú kan ọkọ̀ rárá, ọlọ́pàá ilẹ̀ Faransé ti jókòó síbẹ̀ tó ń yẹ ìwé wò. Ẹni tí físà rẹ̀ bá ní àbùkù, láti Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀ ni yóò ti yíjú padà sílé, owó ọkọ̀ rẹ̀ sì lè bá a lọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024 ni owó físà náà ti di yúrò 90 fún àgbàlagbà, wọn ò sì ní dá a padà bí wọn ò bá fún yín ní físà. Ìwé adójútòfò ìlera tó tó yúrò 30,000 ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí ẹ kó lọ. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti lo ọjọ́ púpọ̀ jù ni ẹ ti ń béèrè. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀ ni. Ẹ má ṣe gbà fún àgẹ́ǹtì tó ní kí ẹ kọ orúkọ orílẹ̀-èdè tí ẹ ò ní dé, torí pé wọ́n máa ń tètè fún èèyàn níbẹ̀. Irọ́ ni ẹ ń fi ọwọ́ ara yín kọ sínú ìwé ìjọba, orúkọ yín ló sì wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti àgẹ́ǹtì.

Bí físà náà bá ti dé, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ iye ìgbà àwọlé sí. Bí 1 ló wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè wọlé. Bí MULT ló wà níbẹ̀, ẹ lè jáde kí ẹ sì tún padà wọlé. Ó kan àwọn tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ gan-an. Ẹ ti lo ọjọ́ mẹ́rin ní Paris, ẹ ní kí ẹ yára lọ kí ẹ̀gbọ́n yín ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú físà Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì ti ibẹ̀ bọ́ sí Amsterdam. Ẹ ò ní lè wọ Amsterdam. Lọ́jọ́ tí ẹ kúrò ní Paris ni físà àwọlé ẹ̀ẹ̀kan yẹn ti parí iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ kò tíì pé. Ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá ti Budapest lọ sí Belgrade, nítorí Serbia kò sí nínú Schengen. Croatia wọ inú rẹ̀ lọ́dún 2023. Romania àti Bulgaria wọ̀ ọ́ tán pátápátá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbà yín níyànjú pé kí ẹ sá lọ sí Bucharest kí ọjọ́ yín má baà máa lọ, ìmọ̀ràn àtijọ́ ló ń fún yín. Ọjọ́ tí ẹ bá lò níbẹ̀ ti ń wọ inú ọjọ́ 90 tí òfin fún yín láàárín ọjọ́ 180.

Ẹ má sì fi ìwé ìrìnnà sílé hòtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Wọ́n ní kò sí bodè mọ́, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni Jámánì ti ń yẹ ìwé wò ní gbogbo bodè ilẹ̀ rẹ̀, inú rélùwéè ni ọlọ́pàá sì máa ń bá èrò. Fọ́tò ìwé ìrìnnà lórí fóònù kò tó wọn. Ó máa ń dunni pé nínú kóòṣì tí òyìnbó kún, àwa aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀. Ẹ mọ̀ pé òfin wà lórí rẹ̀: lọ́dún 2012, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Koblenz sọ pé kò tọ́ kí ọlọ́pàá torí àwọ̀ ara ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ nínú rélùwéè. Síbẹ̀, inú ọkọ̀ kọ́ ni ibi ẹjọ́. Ẹ fi ìwé yín hàn pẹ̀lú sùúrù, ẹ kọ aago, ìlú àti nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá fi ẹ̀sùn sùn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́.

Ọ̀rọ̀ páàsì, tíkẹ́ẹ̀tì kan tó gba ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ló kàn. Oríṣi méjì ni. Interrail, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1972, wà fún ẹni tó ń gbé ní Yúróòpù. Eurail, tó ti wà láti 1959, wà fún ẹni tó ti ibòmíràn wá. Ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìwé ìrìnnà tó mú dání. Ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé ní Peckham yóò ra Interrail, àbúrò rẹ̀ tó ti Ìbàdàn wá bá a ṣeré yóò ra Eurail, àwọn méjèèjì yóò sì jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Páàsì tó tóbi jù gba orílẹ̀-èdè 33. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 28 ń san owó tó dín, ọmọdé tí kò tíì pé 12 sì máa ń gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá ń bá àgbàlagbà rìn. Títí dé ibí yìí, kò sí wàhálà.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí èèyàn ti rò pé páàsì ti parí gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń sáré jù ní Faransé, Ítálì àti Sípéènì, àti Eurostar pẹ̀lú, ń gba owó ìjókòó lọ́tọ̀ lórí páàsì. Yúrò 13 ni fún ìjókòó kan lórí Frecciarossa ti Ítálì. Ti Eurostar lè lé ní yúrò 30. Ìjókòó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún onípáàsì kì í sì í pọ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè tán nígbà tí àyè ṣì wà fún ẹni tó fẹ́ ra odidi tíkẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, kí ẹ tó ra páàsì, ẹ mú bírò àti ìwé, ẹ kọ gbogbo ìlú tí ẹ fẹ́ dé sílẹ̀, kí ẹ sì wo iye tí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bí ẹ bá rà á ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Fún ẹni tó ń lọ sí Paris, Milan, Florence àti Róòmù nìkan, ó ṣòro kí páàsì tó san án. Fún ẹni tó fẹ́ máa ṣí kiri Jámánì, Ọ́síríà, Swítsálándì, Bẹ́ljíọ̀m àti Nẹ́dálándì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í béèrè ìjókòó, tó sì fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀ níbi tó bá wù ú, páàsì níyì. Ẹ tún rántí pé Interrail kì í ṣe fún rírìn káàkiri orílẹ̀-èdè tí ẹ̀ ń gbé: ẹ̀ẹ̀kan lẹ lè fi jáde níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ sì lè fi padà wọlé.

Orí fóònù ni páàsì wà báyìí. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣí ọjọ́ ìrìn náà, kí ẹ sì fi ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀ sínú rẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ sínú kóòṣì. Ẹni tí ayẹ̀tíkẹ́ẹ̀tì bá bá pẹ̀lú páàsì tí kò ṣí, bí ẹni tí kò sanwó ni wọn yóò ṣe kà á. Bí bátìrì fóònù bá kú, páàsì náà kú nìyẹn. Ẹ gbé páwà báǹkì dání.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tí kò bá kánjú lè fi ọkọ̀ kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ rìn. Láti Florence dé Róòmù, ọkọ̀ ayára-bí-àṣá ń lo nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Ọkọ̀ agbègbè ń lo wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í gòkè sọ̀, bó ti wà lóṣù tó kọjá náà ló wà láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, kò sì béèrè ìjókòó. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń dúró ní ìlú kéékèèké, èèyàn sì ń rí oko àjàrà àti òkè Umbria dáadáa. Ní Jámánì, tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kan wà tí wọ́n ń pè ní Deutschland-Ticket. Yúrò 49 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó sì ti di 63 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026. Ó gba gbogbo ọkọ̀ agbègbè, bọ́ọ̀sì àti rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n kò gba ICE àti IC, ìyẹn àwọn ọkọ̀ tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá fi wọ ICE kò ní tíkẹ́ẹ̀tì lójú òfin. Sísan rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ ṣe lóṣooṣù pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá fagi lé e kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó kọjá, wọn yóò tún yọ owó oṣù tó ń bọ̀ lápò yín nígbà tí ẹ ti padà sí ẹnu iṣẹ́. Bákan náà ni BahnCard, káàdì tó ń jẹ́ kí owó ọkọ̀ dín: ẹni tí kò bá kọ̀wé pé òun ò fẹ́ mọ́ yóò tún rà á láìmọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù ní Jámánì so mọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá sùn gbàgbé ọkọ̀ aago mẹ́jọ, ẹ ò lè wọ ti aago mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé rélùwéè fúnra rẹ̀ ló pẹ́ tó fi jẹ́ kí ẹ pàdánù ọkọ̀ kejì tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe ra ìdajì ìrìn lọ́tọ̀, ìdajì lọ́tọ̀, láti fi rẹ́ yúrò márùn-ún pamọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í dáàbò bo ara wọn. Ouigo ti Faransé ń gba owó kékeré, àpò kékeré kan àti báàgì ọwọ́ kan péré ló sì fún yín láyè láti gbé. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, owó ni. Àwa tí a máa ń di ẹrù bí ẹni tó ń kó lọ sílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín in kù. Àtẹ̀gùn pọ̀ nínú àwọn ibùdó wọ̀nyẹn, ní Venice sì rèé, afárá onítẹ̀gùn ni yóò gbà yín lálejò gbàrà tí ẹ bá jáde.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun kan tó ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ítálì. Tíkẹ́ẹ̀tì bébà fún ọkọ̀ agbègbè kì í ní aago lórí. Kí ẹ tó wọlé, ẹ ó rí ẹ̀rọ kékeré kan lára ògiri tàbí òpó lẹ́bàá ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Ẹ ti etí tíkẹ́ẹ̀tì náà bọ inú ihò rẹ̀, ẹ rọra tì í sí apá òsì, ẹ̀rọ náà yóò dún, yóò sì tẹ ọjọ́ àti aago sórí bébà. Ẹ yọ ọ́, ẹ wò ó bóyá ó tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Yíǹkì máa ń tán nínú rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò bá ní aago yẹn, bí ẹ tilẹ̀ rà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, wọn yóò bu owó ìtanràn lé e. Bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́, ẹ wá ayẹ̀tíkẹ́ẹ̀tì lọ fúnra yín kí òun tó wá bá yín. Ní Berlin náà, tíkẹ́ẹ̀tì bébà abẹ́ ilẹ̀ ń fẹ́ òǹtẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ìtanràn ẹni tí wọ́n bá mú sì jẹ́ yúrò 60. Aṣọ ilé ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò níbẹ̀ ń wọ̀, ẹ ò lè dá wọn mọ̀. Pé ẹ jẹ́ àlejò, pé ẹ ò gbọ́ èdè wọn, kò ní mú kí wọ́n dá owó náà jì yín.

Orúkọ ibùdó náà ń ṣini lọ́nà. Ibùdó ńlá mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà ní Paris: Gare du Nord ni Eurostar ń gúnlẹ̀ sí, Gare de Lyon lọ̀pọ̀ ọkọ̀ gúúsù àti ti Ítálì ti ń gbéra. Ẹ fi ó kéré tán wákàtí kan ààbọ̀ sáàárín ọkọ̀ méjèèjì. Bruxelles-Midi àti Brussel-Zuid, ibi kan náà ni. Venezia Mestre wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Venezia Santa Lucia ni ìlú orí omi tí ẹ ń wá. Köln ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Cologne, Wien ni Vienna, Praha ni Prague, orúkọ ti onílé ni yóò sì wà lójú pátákó. Ẹ tún wo nọ́ńbà kóòṣì yín: àwọn ọkọ̀ kan ní Jámánì máa ń pín sí méjì lójú ọ̀nà, iwájú gba ìlú kan lọ, ẹ̀yìn gba òmíràn.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ohun tí àwọn jáwójáwó gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn. Ẹni tó bá ti mọ Òṣòdì ní ìrọ̀lẹ́ ti mọ bí Gare du Nord àti Roma Termini ti rí, kó sì mú ìwà tó ń hù ní Òṣòdì lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ kan á gbé pátákó ìwé wá pé kí ẹ bá àwọn fọwọ́ sí i fún àwọn adití. Bí ẹ ti ń kọ orúkọ, ọwọ́ ẹlòmíràn ti wà nínú báàgì yín. Ní àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur ní Paris, wọ́n á fà yín lọ́wọ́, wọ́n á so okùn aláràbarà mọ́ ọn, wọ́n á sì béèrè owó rẹ̀ tipátipá. Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ máa bá tiyín lọ. Ní ibi ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan á wá bá yín tẹ bọ́tìnì láìjẹ́ pé ẹ pè é. Nọ́ńbà àṣírí káàdì yín ló ń wò. Nínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí, wọn á já fóònù gbà gan-an nígbà tí ilẹ̀kùn bá ń pa dé. Àwọn tó ń ṣọ́ Louvre ní Paris pàápàá dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2013 nítorí àwọn jáwójáwó tó ń dà wọ́n láàmú nínú mùsíọ̀mù náà. Ẹ fi ìwé ìrìnnà sábẹ́ aṣọ, kì í ṣe sínú báàgì ẹ̀yìn. Bó bá sọnù, ẹ lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìwé pàjáwìrì tí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ń fúnni, ìrìn padà sí Nàìjíríà ló wà fún. Kò ní gbé yín padà sí Lọ́ńdọ̀nù.

Olè mìíràn wà tó jẹ́ ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ ìsanwó tàbí ATM bá béèrè bóyá kó fi pọ́n-ùn tàbí náírà gba owó yín, ẹ kọ̀ ọ́, ẹ yan yúrò. Iye tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣẹ́ owó sí kì í dára.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ ọnà tí a tìtorí rẹ̀ lọ. Ọjọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Louvre ń tì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Musée d'Orsay, ní Paris náà, ń tì ní ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ náà ni Uffizi ní Florence. Mùsíọ̀mù Vatican ń tì ní ọjọ́ Àìkú, àfi Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù. Bí ọjọ́ kan péré lẹ fún ìlú kan, ẹ fi ọjọ́ yẹn bá kàlẹ́ńdà mùsíọ̀mù wí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn tí Leonardo yà sára ògiri ní Milan láàárín 1495 sí 1498, ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lò níwájú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ti gba àyè ṣáájú kò ní wọlé. Ilé Anne Frank ní Amsterdam ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà síwájú, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹ lọ sí ojúlé mùsíọ̀mù náà gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó máa ń yọ sókè nígbà tí ẹ bá wá orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ alágbàtà, tí yóò ta ohun kan náà fún yín ní ìlọ́po méjì.

Owó ń gòkè pẹ̀lú. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, Louvre ti ń gba yúrò 32 lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará àwọn orílẹ̀-èdè Agbègbè Ọrọ̀-Ajé Yúróòpù (EEA), àwọn tó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sì wà lára wọn. Nítorí náà ẹ wá ibi tí ọ̀fẹ́ wà. Mùsíọ̀mù Prado ní Madrid kì í gba owó láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́, Ajé dé Àbámẹ́ta, àti aago márùn-ún sí méje ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ tètè débẹ̀ torí ìlà, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ fẹ́ rí, nítorí wákàtí méjì kò tó fún gbogbo ilé náà. Ní Ítálì, mùsíọ̀mù ìjọba jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Àìkú àkọ́kọ́ oṣù, ṣùgbọ́n èrò lọ súà lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ní agbára yúrò mélòó kan, ẹ san án ní ọjọ́ mìíràn, kí ẹ lè rí nǹkan.

Ohun tó wù mí jù kí ẹ mọ̀ ni pé ní Róòmù, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni díẹ̀ nínú àwòrán tó dára jù láyé wà, kò sì sí ẹni tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lọ sí San Luigi dei Francesi, nítòsí Piazza Navona. Ẹ gba apá òsì lọ títí dé yàrá kékeré tó sún mọ́ pẹpẹ. Àwòrán Caravaggio mẹ́ta ló wà níbẹ̀, lórí Mátíù mímọ́. Òkùnkùn ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ju owó ẹyọ sí i, iná yóò tàn. Lára ògiri òsì, àwọn ọkùnrin jókòó yí tábìlì ká tí wọ́n ń ka owó. Jésù ti wọlé láti apá ọ̀tún, ó na ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ sì gba òkè orí rẹ̀ wọlé, ó já sójú wọn. Ẹ wo ìpẹ̀kun tábìlì náà: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹrí ba sórí owó, bàbá àgbà kan tó wọ awò ojú sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wo owó ẹyọ náà. Àwọn méjèèjì ò gbójú sókè rárá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, iná yóò kú. Ẹ má ṣe dúró de ẹlòmíràn kó san án. Owó ẹyọ kan ni, ẹni tó yàwòrán yìí yẹ fún un. Láti ibẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Santa Maria del Popolo, méjì mìíràn ń dúró dè yín. San Pietro in Vincoli sì wà ní apá kejì ìlú, níbi tí ère Mósè tí Michelangelo gbẹ́ wà. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí máa ń ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án fún wákàtí mélòó kan, wọn ò sì fẹ́ èjìká àti orúnkún ìhòòhò. Ẹ mú ìbòrùn dání.

Tiwa náà wà ní ọ̀nà yìí. Kí ẹ tó wọ Eurostar, British Museum kò jìnnà sí St Pancras, ọ̀fẹ́ sì ni. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ní Wembley lọ́dún 1924, wọ́n sì fi àga ìjókòó ọba kan ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ní Jámánì, ẹni tó ní Deutschland-Ticket lè ti Nürnberg wọ ọkọ̀ agbègbè lọ sí Bayreuth, nǹkan bíi wákàtí kan. Gbogbo ayé ń lọ síbẹ̀ torí orin Wagner, àwa ní ìdí mìíràn: Iwalewahaus, tí Ulli Beier dá sílẹ̀ lọ́dún 1981 ní yunifásítì ìlú náà, tó ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Òṣogbo àti ti ibòmíràn ní Áfíríkà. Ìfihàn wọn ń yí padà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ṣí.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má ra nínú ọkọ̀. Ẹ ra búrẹ́dì, wàràkàṣì àti èso ní ṣọ́ọ̀bù ìgboro. Bí àárò ata bá sọ yín ní Paris, Château Rouge kò jìnnà sí Gare du Nord, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lójú pópó níbẹ̀. Ní Brussels, Matonge ni. Ẹ̀rọ omi ojú títì ní Róòmù ń yọ omi tútù tó ṣe é mu, ẹ gbé ìgò dání. Venice ń gba owó ìwọ̀lú ní àwọn ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tí kò ní sùn síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹ sì ní láti san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó dé. Ọkọ̀ òru ń fi owó hòtẹ́ẹ̀lì pamọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ra ìjókòó lásán. Ẹ san owó ibùsùn, kí àwọn obìnrin tó ń dá rìn sì béèrè yàrá tó jẹ́ ti obìnrin nìkan, torí ó wà.

Ìyanṣẹ́lódì wọ́pọ̀ ní Ítálì àti Faransé. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú, ẹ máa wò ó ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn yín. Ní Ítálì, òfin ní kí àwọn ọkọ̀ agbègbè kan ṣì máa ṣiṣẹ́ láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀ àti mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́. Bí ọkọ̀ yín bá sì pẹ́, ẹ má kàn sọ pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí wọ́n dá ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì padà fún ẹni tó fi wákàtí kan pẹ́ dé, àti ìdá 50 fún ẹni tó fi wákàtí méjì pẹ́, àyàfi bó bá jẹ́ ìjì ńlá tàbí irú ohun bẹ́ẹ̀ tí apá wọn ò ká ló fà á. Wọn kì í fi ránṣẹ́ fúnra wọn. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ya fọ́tò pátákó tó sọ pé ọkọ̀ pẹ́, ẹ wá fọ́ọ̀mù rẹ̀ lójúlé ilé iṣẹ́ rélùwéè náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé.